Àwọn Irin Tí Mo Jó Kí N Tó Mọ Ìdí Rẹ̀

Sítáàǹdì tánkì omi kan wà ní Parakin, ní Ilé-Ifẹ̀ níbí, tí n kò lè gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá mọ́ kí n má gbójú sókè. Ajórin ni mí, èmi ni mo sì jó o, ó ti tó ọdún mẹ́fà. Láti bí ọ̀sẹ̀ márùn-ún sẹ́yìn, bí mo bá ti fẹ̀yìn lélẹ̀ lálẹ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni mo máa ń rí. Kò wó. Kò tilẹ̀ mì lójú ẹni tó ń kọjá lọ. Àwọn tó ń gbé inú ilé náà ń fi omi rẹ̀ wẹ̀, wọ́n ń fi se oúnjẹ, àwọn ọmọ wọn sì máa ń jókòó sábẹ́ rẹ̀ ṣeré lọ́sàn-án nítorí ibòòji tánkì náà. Àwọn ọmọ yẹn gan-an ni kò jẹ́ kí n rí oorun sùn.

Ìwé ló là mí lójú. Ká ní n kò kà á ni, ǹ bá ṣì máa kọjá níbẹ̀ pẹ̀lú inú dídùn pé iṣẹ́ ọwọ́ mi rèé.

Ìwé mẹ́ta nínú páálí

Lọ́dún tó kọjá ni mo lọ tún géètì kan ṣe ní ìhà Ẹdẹ Róòdù. Bàbá tó ni ilé náà ṣiṣẹ́ ẹnjiníà títí ó fi fẹ̀yìn tì. Bí mo ṣe ń palẹ̀ irinṣẹ́ mọ́, ó ní kí n dúró, ó wọlé, ó sì gbé páálí kan jáde. Ìwé ìtọ́sọ́nà àwọn ẹnjiníà mẹ́ta ló wà nínú rẹ̀: ọ̀kan lórí irin jíjó, ọ̀kan lórí páìpù, èyí tó nípọn jù sì dá lórí bí wọ́n ṣe ń ṣírò irin tí yóò gbé ẹrù. Ikán ti fẹnu kan ẹ̀yìn ọ̀kan. Bàbá ní, "Gbà, ọmọ mi. Ojú mi ò gbé e mọ́, àwọn ọmọ mi ò sì fẹ́ ẹ. Má jẹ́ kó dé ọwọ́ ẹlẹ́pà o." Mo dọ̀bálẹ̀, mo gbé e.

Ìwé mẹ́wàá ni mo jáde kí n tó lọ kọ́ṣẹ́. Mo mọ ìṣirò díẹ̀, mo sì lè ka Gẹ̀ẹ́sì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ojú ewé kan lè gbà mí ní alẹ́ méjì. Ìwé irin jíjó ni mo kọ́kọ́ ṣí, nítorí mo rò pé kò sóhun tí yóò sọ tí n kò mọ̀.

Ọjọ́ kìn-ín-ní ló ti bá mi wí. Ọdún mọ́kànlá ni mo ti ń lo ẹlẹ́kitiróòdù, irin tẹ́ẹ́rẹ́ tí iná máa ń yọ́ láti so irin pọ̀, èyí tí wọ́n kọ E6013 sí lára, tí mo rò pé nọ́ńbà ilé iṣẹ́ tó ṣe é ni. Lọ́jà, gééjì 12 àti gééjì 10 la máa ń pè é, 2.5 mìlímítà àti 3.2 mìlímítà. Àṣé 60 iwájú yẹn ni agbára irin tó bá yọ́ láti ara rẹ̀: ó kéré tán, 60,000 pọ́n-ùn lórí ínǹṣì kan níbùú lóròó kó tó já. 1 tó tẹ̀lé e ń sọ pé a lè fi jórin ní ipòkípò, ìbáà jẹ́ nílẹ̀, lára ògiri, tàbí lókè orí. Nọ́ńbà ìkẹyìn ń sọ ohun tí wọ́n fi bo ara rẹ̀ àti irú iná tó bá a mu. Gbogbo ọ̀rọ̀ yìí wà lára ohun tí mo ń dì mú lójoojúmọ́, n kò sì gbọ́ ọ.

Èyí tó tún dùn mí ni ti E7018, irú ẹlẹ́kitiróòdù mìíràn. Mo ti lò ó fún irin nípọnnípọn nígbà òjò, tí mo kàn ká a sínú ọ̀rá. Ìwé ní tí wọ́n bá ti ṣí páálí rẹ̀, inú ààrò kékeré tó gbóná tó 120°C ló yẹ kó wà. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, yóò fa omi inú afẹ́fẹ́ mu, iná yóò sọ omi yẹn di háídírójìn, háídírójìn yóò wọ inú irin gbígbóná, irin náà sì lè sán lẹ́yìn wákàtí mélòó kan, ó sì lè di ọjọ́ kejì. Ẹ gbọ́ ìyẹn: iṣẹ́ ti parí, a ti fi òòlù lu ìdàrọ́ kúrò, a ti kùn ún, a ti gbowó, kí ó tó sán.

Nínú ìwé páìpù ni mo ti rí i pé páìpù onínǹṣì méjì, kò sí ibi tó ti pé ínǹṣì méjì gééré, yálà nínú tàbí lóde. Òde rẹ̀ jẹ́ 60.3 mìlímítà, bẹ́ẹ̀ ínǹṣì méjì kò ju 50.8 lọ. Nípọn rẹ̀ ló ń yí padà. 3.91 mìlímítà ni ti ìpele nípọn tí wọ́n ń pè ní Schedule 40, 5.54 ni ti Schedule 80, òde wọn sì dọ́gba kí wọ́n lè wọ orí kan náà.

Ohun kan wà nínú ìwé irin jíjó tí mo fẹ́ràn. Orúkọ ẹ̀yà ara ni wọ́n fi ń pe ojú ìjó, bí àwa náà ì bá ṣe pè é: ó ní ojú, ó ní ẹsẹ̀, ó ní gbòǹgbò, ó sì ní ọ̀fun. Bí irin méjì bá pàdé ní igun, tí ẹsẹ̀ ìjó náà jẹ́ mìlímítà 6, ọ̀fun rẹ̀ kò ju 4.2 lọ. Ọ̀fun yẹn ló ń gbé ẹrù. Ọ̀pọ̀ wa ló ń wú ojú ìjó kí oníbàárà lè rí i pé ó pọ̀, nígbà tí gbòǹgbò rẹ̀ kò wọlé rárá.

Ẹyọ ìgbálẹ̀ kan lórí ìwọ̀n

Ìwé kẹta ló mú mi. Mo fi í sílẹ̀ fún oṣù mẹ́ta nítorí ìṣirò inú rẹ̀ le. Ní alẹ́ ọjọ́ kan tí iná ò sí, mo tan tọ́ọ̀ṣì fóònù, mo ṣí i sí ibi tí wọ́n ti ń sọ̀rọ̀ nípa òpó irin. Ó ní irin gígùn tó ń gbé ẹrù lórí kì í dúró dìgbà tí yóò fi rún kó tó dáhùn. Yíyẹ̀ ló máa ń yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, tí yóò tẹ̀ bí ọrun, ẹrù tó máa mú un yẹ̀ sì lè kéré jọjọ sí èyí tó lè rún un. Leonhard Euler, ọmọ ilẹ̀ Switzerland, ló ti kọ òfin rẹ̀ sílẹ̀ láti ọdún 1744: bí o bá sọ gígùn òpó di ìlọ́po méjì, agbára rẹ̀ yóò di ìdá kan nínú mẹ́rin. Ìlọ́po mẹ́ta, ìdá kan nínú mẹ́sàn-án.

Mo kà á lẹ́ẹ̀mẹta. N kò gbà á gbọ́. Irin kan náà, nípọn kan náà, ọ̀dọ̀ ẹni kan náà ni mo ti rà á, kí ló kàn án pẹ̀lú gígùn?

Mo dìde, mo lọ fa ẹyọ ìgbálẹ̀ kan yọ. Ìyàwó mi ń ṣe kéèkì tà, ó ní ìwọ̀n kékeré tó fi ń wọn fúláwà. Mo gbé ìwọ̀n náà sílẹ̀, mo nà ẹyọ ìgbálẹ̀ náà ró lórí rẹ̀, mo fi ìka kan tẹ̀ ẹ́ láti òkè. Kò pẹ́ rárá tó fi tẹ̀ kọ̀rọ̀. Ìwọ̀n náà kò tíì kọjá gíráàmù 30. Mo gé e sí méjì ọgbọọgba, mo tún tẹ̀ ẹ́. Ó kọ̀ fún mi. Mo tẹ̀ ẹ́ títí ó fi lé ní gíráàmù 110 kó tó yẹ̀. Mo tún un ṣe pẹ̀lú ẹyọ mìíràn, àti òmíràn. Ilẹ̀ ilé ìdáná kún fún ìgbálẹ̀ ṣíṣẹ́. Ìyàwó mi jí, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ní, "Bàbá, ṣé kò sí o?" N kò mọ ohun tí mo lè sọ fún un. Sítáàǹdì Parakin ni mo ń rí.

Ohun tí mo yọ kúrò

Màmá kan ló gbé iṣẹ́ náà fún mi nígbà yẹn. Ilé alájà kan ni, omi kò sì ń yára jáde ní bálùwẹ̀ òkè. Ó ní, "Gbé e sókè dáadáa, ọmọ mi, kó lè máa tú jáde." Bí a bá gbé tánkì ga ní mítà mẹ́wàá, agbára tí omi yóò fi máa tì kò ju nǹkan bíi 1 bar lọ (bar ni wọ́n fi ń wọn agbára títì bẹ́ẹ̀), nítorí náà mítà kan péré fún un ní ìdá kan nínú mẹ́wàá rẹ̀. N kò mọ èyí. Mo ra áńgù áyọ́ọ̀nù, irin onígun bíi lẹ́tà L, onínǹṣì méjì mẹ́rin, mo fi gbogbo gígùn wọn ṣe ẹsẹ̀, ogún ẹsẹ̀ bàtà, bíi mítà mẹ́fà. Mo fi irin kan yí i ká láàárín bí àmùrè, mo ṣe tábìlì sórí rẹ̀, a gbé tánkì onílítà 2,000 lé e.

Omi lítà kan, kílò kan ni. 2,000 lítà, tọ́ọ̀nù méjì. Bí ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bá pín in dọ́gba, ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan gba 500 kílò, yàtọ̀ sí ìwúwo irin àti ti tánkì, yàtọ̀ sí atẹ́gùn. Áńgù áyọ́ọ̀nù tí mo rà, 5 mìlímítà ni wọ́n pè é fún mi. Nígbà tí mo wá fi káílípà wọn irú rẹ̀ lẹ́yìn náà, 4 ni. Mo ṣírò rẹ̀ bí ìwé ṣe wí. Bí àmùrè àárín yẹn bá di ẹsẹ̀ mú gírígírí, tí ẹsẹ̀ ń ṣiṣẹ́ bí òpó mítà mẹ́ta, nǹkan bíi 850 kílò ni yóò mú un yẹ̀, ìyẹn bí ó bá tọ́ ṣánṣán, tí ẹrù sì wà láàárín gbùngbùn. Ìwé fẹ́ kí agbára fẹ́ẹ̀ tó ìlọ́po méjì ẹrù. Tiwa kò dé ibẹ̀.

Ṣùgbọ́n àmùrè yẹn kò dì í mú. Ohun tó so ẹsẹ̀ mẹ́rin pọ̀ mọ́ ara wọn nìkan kò ní kí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin má jọ fì sí apá kan, bí ẹni mẹ́rin tí òòyì ń kọ́ bá dira wọn lọ́wọ́ mú. Bíréésì ló ń dá a dúró, irin méjì tó gba ara wọn kọjá bíi lẹ́tà X láti ẹsẹ̀ kan sí èkejì. Bí a bá yọ àmùrè kúrò nínú ìṣirò, tí ẹsẹ̀ di mítà mẹ́fà gbáko, 200 kílò lé díẹ̀ ni ó lè gbé. 500 ló wà lórí rẹ̀. Ohun tó ń mú sítáàǹdì yẹn dúró láti ọdún mẹ́fà ni bí ojú ìjó mi ṣe le tó níbi tí àmùrè ti pàdé ẹsẹ̀, àti àánú Ọlọ́run.

Lọ́jọ́ kejì mo lọ síbẹ̀ ní kùtùkùtù. N kò wọ ọgbà. Mo so nọ́ọ̀tì ńlá kan mọ́ ìdí okùn tín-ín-rín, mo na ọwọ́ jáde lẹ́bàá fẹ́ǹsì, mo jẹ́ kí okùn náà fì títí ó fi dúró jẹ́ẹ́. Mo pa ojú kan dé, mo gbé okùn náà ṣe déédéé ẹsẹ̀ tó kọjú sí títì. Lókè, okùn àti irin bára mu. Nísàlẹ̀, wọ́n bára mu. Láàárín àmùrè àti ilẹ̀, ìmọ́lẹ̀ wà láàárín wọn, bíi fífẹ̀ ìka méjì. Mo ṣí ọwọ́, mo tún un ṣe. Ìmọ́lẹ̀ yẹn ṣì wà níbẹ̀.

"Ẹ ò béèrè"

Mo gba ọ̀dọ̀ ọ̀gá mi lọ ní Ọ̀nà Oǹdó. Ọdún márùn-ún ni mo fi kọ́ṣẹ́ lábẹ́ wọn. Wọ́n ti dàgbà, wọn kì í mú iná mọ́, ṣùgbọ́n wọ́n ṣì máa ń jókòó sí ṣọ́ọ̀bù. Etí ni wọ́n fi kọ́ wa: bí iná bá ń dún bí àkàrà nínú epo gbígbóná, ó dáa, bó bá ń ta pà-pà-pà, ọwọ́ rẹ jìnnà jù sí irin. Mo rò pé ohun tuntun ni mo gbé lọ bá wọn. Mo ṣàlàyé ẹyọ ìgbálẹ̀, mo ṣàlàyé òpó, mo sọ ti Parakin.

Wọ́n wò mí títí. Wọ́n ní, "Ìgbà wo lo rí sítáàǹdì tí èmi jó tí kò ní bíréésì?"

Orí mi wú. Òótọ́ ni. Gbogbo sítáàǹdì tí a jó lọ́dọ̀ wọn ló ní bíréésì ní ẹ̀gbẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, lókè àmùrè àti nísàlẹ̀. Àwa ọmọ iṣẹ́ a máa kùn pé ó ń fi àkókò ṣòfò. Nígbà tí mo gba fíríìdọ́ọ̀mù tí mo dá dúró, tí Màmá Parakin ń ná iye tí mo pè títí ó fi fẹ́ lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn, mo wo ohun tí mo lè yọ kúrò kí owó lè wálẹ̀. Bíréésì ni mo yọ. Irin mẹ́rìndínlógún. N kò rí ohun tó ń ṣe níbẹ̀.

Mo ní, "Ọ̀gá, ẹ ò sọ fún wa pé ìdí rẹ̀ nìyí." Wọ́n ní nígbà tí àwọn fúnra àwọn ń kọ́ṣẹ́ ní Iléṣà, sítáàǹdì kan wó lóru ọjọ́ òjò oníjì, ó pa ewúrẹ́ méjì, ó sì wó ògiri ilé ìdáná ẹnì kan. Láti ọjọ́ yẹn ni wọn kò ti jó èyí tí kò ní bíréésì. Wọ́n dákẹ́ díẹ̀, wọ́n wá ní, "Ẹ ò béèrè."

A ò béèrè lóòótọ́. Ta ló ń béèrè? Níbi iṣẹ́ wa, ọmọ iṣẹ́ tó bá ń bi ọ̀gá pé kí nìdí, wọ́n á ní ojú rẹ̀ là jù. "Wo ọwọ́ mi" ni ẹ̀kọ́ wa. N kò kẹ́gàn rẹ̀. Ohun tí ọwọ́ mọ̀ kò sí nínú ìwé kankan, ìwé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yẹn kò lè kọ́ ẹnikẹ́ni bí iná ṣe ń dún. Alágbẹ̀dẹ tó ń lu irin lójú kan náà, ó ní ohun tó fẹ́ fà yọ níbẹ̀. Ọ̀gá mi ní ohun tí wọ́n ń fà yọ. Wọn kò kàn sọ ọ́ ni, èmi sì gba irin náà láì gba ọ̀rọ̀ tó wà nínú rẹ̀. Òfin tí wọn kò sọ ìdí rẹ̀ fún ọmọ iṣẹ́, òun ni yóò kọ́kọ́ lọ nígbà tí oníbàárà bá ń ná owó. Èyí ló ń dà mí láàmú jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí, nítorí mo mọ̀ pé bíréésì nìkan kọ́.

Mo máa ń ronú nípa rẹ̀ bí mo bá gba Ẹ̀nuwá kọjá. Nínú ààfin Ọọ̀ni níbẹ̀ ni irin ńlá tí wọ́n ń pè ní Ògún Ládìn wà, tí ìtàn ní alágbẹ̀dẹ Odùduwà ló ni ín. Ní ọdún 1938, wọ́n ń gbẹ́ ilẹ̀ láti kọ́lé ní agboolé Wúnmọníjẹ̀ ni wọ́n kan àwọn orí idẹ tí gbogbo ayé wá ń wò. Àwọn tó ṣe wọ́n fi ìda mọ wọ́n, wọ́n fi amọ̀ bò ó, wọ́n yọ́ ìda náà dànù, wọ́n da idẹ gbígbóná sí àyè rẹ̀, ara rẹ̀ sì fẹ́lẹ́. Ìyẹn kì í ṣe iṣẹ́ ẹni tí kò mọ ìdí. Ẹ̀rí ọwọ́ wọn wà níbẹ̀, ọ̀rọ̀ ẹnu wọn kò sí. Ó dùn mí bí ẹni pé ọ̀gá tèmi ni wọ́n.

Irin mọ́kànlá

Mo jókòó, mo kọ gbogbo sítáàǹdì tí mo ti jó láti ìgbà tí mo ti dá dúró sínú ìwé. Mọ́kànlá ni. Méjì, wọ́n ti tú wọn. Mo lọ bá àwọn tó ni mẹ́sàn-án tó kù lọ́kọ̀ọ̀kan, Mọ́dákẹ́kẹ́, Òpá, Lágẹ̀ẹ̀rẹ̀. Kò rọrùn láti kan ilẹ̀kùn ènìyàn kí o sọ pé iṣẹ́ tí o gbowó rẹ̀ kò pé. Bàbá kan ní kí n dá owó òun padà. Àǹtí kan gbàdúrà fún mi títí omi fi fẹ́ bọ́ lójú mi. Mẹ́fà ni mo ti fi bíréésì sí. Owó ara mi ni mo fi ra irin fún méjì nínú wọn, nítorí n kò lè sọ pé kí opó sanwó àṣìṣe mi. Àwọn méjì ní kí n dúró kí owó wọlé, mo sì ti ní kí wọ́n má fa omi kọjá ìdajì tánkì.

Ti Parakin ló ṣòro. Màmá ti ta ilé náà. Ẹni tó rà á ń ṣòwò kòkó, kò mọ̀ mí rí. Ó ní, "Ọdún mẹ́fà, kò wó, ìwọ wá ń wáṣẹ́." N kò bá a jà. Bí ẹni tí a kò mọ̀ rí bá kan ilẹ̀kùn mi pẹ̀lú irú ọ̀rọ̀ yẹn, èmi náà á fura. Mo padà lọ lẹ́ẹ̀kejì, ó ní òun kò ráyè. Ìyẹn ni ọ̀sẹ̀ márùn-ún tí mo ń wí.

Lọ́jọ́ Ajé tó kọjá, mo mú ẹyọ ìgbálẹ̀ mẹ́wàá àti ìwọ̀n ìyàwó mi dání. Mo bá a níwájú ilé, mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ìṣẹ́jú márùn-ún. N kò gbowó." Mo gbé ìwọ̀n náà sórí pèpéle, mo ní kó fi ìka ara rẹ̀ tẹ ẹyọ ìgbálẹ̀ gígùn. Ó tẹ̀ ẹ́. Mo fún un ní àbọ̀. Ó tẹ̀ ẹ́, ó wo nọ́ńbà orí ìwọ̀n, ó tún un tẹ̀. Oníkòkó ni, ó mọ ìwọ̀n, ọ̀rọ̀ ìwọ̀n kì í ṣàjèjì sí i. Lẹ́yìn náà ni mo fún un ní okùn onínọ́ọ̀tì, mo ní kó lọ wo ẹsẹ̀ náà fúnra rẹ̀. Ó dúró pẹ́ níbẹ̀. Nígbà tó yíjú padà, ó kọ́kọ́ pe àwọn ọmọ kúrò lábẹ́ tánkì.

Àwọn ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé-Ifẹ̀. Ọmọ iṣẹ́ mi tó kéré jù ló bi mí lánàá, bí a ṣe ń gé irin náà, pé kí ló dé tí bíréésì fi ní láti gba ara wọn kọjá, ṣé ọ̀kan kò tó ni? Tẹ́lẹ̀, ǹ bá ní kó gbájú mọ́ iṣẹ́. Mo gbé irin sílẹ̀, mo sọ fún un pé irin tẹ́ẹ́rẹ́ dà bí okùn: ó mọ bí a ti ń fà, kò mọ bí a ti ń tì. Bí atẹ́gùn bá fẹ́ láti apá Ìlàoòrùn, ọ̀kan yóò fà. Bó bá yí padà, èkejì yóò fà. Ó kọ ọ́ sínú ìwé ìkọ̀wé kan tí a fi sí ṣọ́ọ̀bù báyìí, ní Yorùbá, pẹ̀lú àwòrán.

Sátidé tó ń bọ̀ la máa lọ. Irin mẹ́rìndínlógún ti wà nílẹ̀, a ti fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí wọn, àti pátákó irin ìlẹ̀mọ́ fún ẹsẹ̀ tó ti tẹ̀. Mo ti sọ fún ẹ̀gbọ́n yẹn pé kó jẹ́ kí omi inú tánkì tán pátápátá láti alẹ́ ọjọ́ Ẹtì, torí irin tí iná bá wà lára rẹ̀ kì í lágbára bó ṣe ní in tẹ́lẹ̀, a kò sì gbọ́dọ̀ jó ẹsẹ̀ tó ṣì ru ẹrù lórí.